Ológbò Scratch ló bá mi kó àwọn ọmọ jókòó

Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kóòdù lórí Zoom, ẹ kú ìrọ́jú o. Èmi náà jẹ nínú ìyà yẹn dáadáa. Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12 ni mò ń kọ́ ní Sátidé, Python, èdè kan tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ńpútà, ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, mà á ṣí skríìnì mi fún wọn wò, mà á máa ṣàlàyé lọ bíi pásítọ̀, àfi kí n béèrè ìbéèrè kan kí gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo ní kí wọ́n tan kámẹ́rà, wọ́n tàn án lóòótọ́, ojú wọn ń wò mí, ọkàn wọn ti dé Bódìjà. Zoom alára ní nǹkan kan nígbà kan tó ń tú àṣírí ẹni tó bá gbójú kúrò ní kíláàsì, wọ́n yọ ọ́ ní 2020, kò dùn mí rárá, ta ló fẹ́ máa ṣọ́ ọmọ bí olè.

Scratch, ètò kọ̀ńpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní kóòdù, ni mo wá gbé wọn lọ. Àwọn MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, ló ṣe é, 2007 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ò ní máa tẹ kóòdù, búlọ́ọ̀kù ni á máa fà tí á máa tò léra wọn, èyí tí ò bá bára mu ò ní wọlé síra, torí náà kò sí pé kọ́mà kan sọ nù kí ẹnì kan bú sẹ́kún.

Ọjọ́ kan mo ní kí wọ́n kọ́ ológbò inú ẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó ń yí i, dígírì 15 ló wà lára ẹ̀, wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan, ológbò kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí ò fẹ́ kí àgbà. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó nà tán. Ọmọ kan mú èyí tó ń yí sápá òsì, ológbò bá nà gbalaja, ó ń wòkè, ha, a rẹ́rìn-ín! Ìgbà tí mo fi "repeat", búlọ́ọ̀kù tó ń tún nǹkan ṣe léraléra, hàn wọ́n, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wà fún, fífà ti sú wọn. Ẹnì kan fi í sílẹ̀ ní 10 tó bá níbẹ̀, ológbò fẹ́rẹ̀ẹ́ takìtì, òun fúnra ẹ̀ ló ṣírò pé 6 ló yẹ.

Ohun tó tún ṣiṣẹ́ ni pé èmi kọ́ ni mò ń ṣí skríìnì mọ́. Ọmọ kan á ṣí tiẹ̀, àwọn yòókù á máa pàṣẹ fún un, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú márùn-ún mà á pe ẹlòmíì lójijì, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa kàn án, kò sẹ́ni tó ń sùn. 40 mínìítì ọ̀fẹ́ Zoom ti tó wa.

Àmọ́ o, lórí wẹ́bsáìtì Scratch, géèmù táwọn ẹlòmíì ṣe pọ̀ bí iyanrìn, ọmọ á ní òun ń ṣiṣẹ́, irọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń fi sórí lápútọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ lò, kì í jẹ dátà. Fóònù, ẹ gbàgbé ẹ̀, skríìnì ẹ̀ ti kéré jù. Àwọn ọmọ ọdún 14 náà á ní nǹkan ọmọdé ni, ẹ má fipá mú wọn.

4 nínú 5 ni mo fún Scratch. Àwọn àgbà inú tèmi ti kúrò lọ́dọ̀ ológbò, turtle inú Python, ìjàpá tí wọ́n ń fi kóòdù darí, ni wọ́n ń bá yí báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bi mí ni pé ṣé ìjàpá yìí náà lè dọ̀bálẹ̀.