Kí Ẹ Tó Ra Gọ́tà Òrùlé ní Òṣogbo: Oníke, Alumíníọ̀mù, Páànù Irin àti Kọnkéré

Nínú gbogbo ohun tí à ń rà sórí ilé, gọ́tà ló sábà máa ń kẹ́yìn, nígbà tí owó ti ń tán lọ, tí oníṣẹ́ sì ti ń kánjú àtilọ sí ibòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń mú èyí tó bá kọ́kọ́ wù wọ́n lójú tàbí èyí tówó rẹ̀ kéré jù, láì bèèrè bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé gọ́tà tó dí a máa ba òrùlé jẹ́ ju kí ilé má ní gọ́tà rárá lọ. Ilé tí kò ní gọ́tà a máa da omi rẹ̀ sílẹ̀, jìnnà sí pákó. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó kún fún ewé a máa gbá omi náà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó fáṣíà, ìyẹn pákó tó bo etí òrùlé, omi a wá gba abẹ́ páànù padà sórí àjà, a sì máa rin igi òrùlé lọ́jọ́ gbogbo títí tí igi yóò fi jẹrà tí ikán yóò sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́.

Ní Òṣogbo, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá, ó sì sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ìṣirò omi tó ń ti orí ilé wá kò le: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100, tí òjò ọ̀sán kan sì tó mílímítà 30, lítà 3,000 ni gọ́tà yóò gbé, èyí tó tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 120, láàrin wákàtí kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe gọ́tà, ẹ bèèrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí páìpù tí yóò gbé omi sọ̀kalẹ̀ ṣe tóbi tó. Gọ́tà tí ẹnu rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lè tó fún ìloro tàbí ilé ìdáná kékeré. Fún ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15 ló bójú mu, pẹ̀lú páìpù onímílímítà 75 ó kéré tán, kí páìpù kan má sì jìnnà sí èkejì ju mítà 10 tàbí 12 lọ.

Oníke àti alumíníọ̀mù

Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé lónìí yóò yàn láàrin wọn, nítorí náà èmi yóò pẹ́ lórí wọn díẹ̀.

Gọ́tà oníke, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní PVC tí àwọn mìíràn sì ń pè ní gọ́tà rọ́bà, fúyẹ́, kì í dógùn-ún, bí ègé kan bá sì fọ́, ègé yẹn nìkan ni a óò pààrọ̀. Oòrùn àti oríkèé ni àìlera rẹ̀. Ègé onímítà 4 ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn tó mítà 12 yóò ní oríkèé méjì, láì ka ti igun ilé àti ti ibi tí páìpù ti sọ̀kalẹ̀. Láàrin òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀sán gangan tí oòrùn ń pa á, ooru ara rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 30 ju ti òwúrọ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ègé onímítà 4 yóò sì gùn sí i ní bíi mílímítà 7. Oníṣẹ́ tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo oríkèé pinpin láì fi àyè sílẹ̀ níbì kankan ti fún gọ́tà náà lọ́rùn, nítorí yóò wọ́ tàbí kí ó yọ kúrò lójú oríkèé. Oríkèé tó ní rọ́bà nínú, tó gbà kí gọ́tà rìn síwá sẹ́yìn díẹ̀, dára ju èyí tí a fi gọ́ọ̀mù nìkan dì lọ.

Ike kan kò dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ sì rí i bóyá ó nípọn bákan náà yíká. Ẹ fi ọwọ́ tẹ etí rẹ̀: èyí tó dára yóò tẹ̀, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Bí oníṣòwò bá kó tirẹ̀ síta lójú oòrùn, ẹ fi ìka nu ara rẹ̀. Bí ẹfun funfun bá bá ìka yín wá, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí àtẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìkọ́. Gọ́tà oníke ń fẹ́ ìkọ́ kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 60, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ kan a máa fi mítà kan sí àárín wọn kí ìkọ́ lè ṣẹ́kù. Ní ọdún kejì, gọ́tà á ti tẹ̀ láàrin, omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á sì sọ ọ́ di ilé.

Alumíníọ̀mù náà kì í dógùn-ún bí irin, oòrùn kì í sì sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni gígùn: àwọn tó ń ṣe páànù òrùlé lè fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ láti ara alumíníọ̀mù kan náà tí wọ́n fi ṣe òrùlé yín, ní àwọ̀ kan náà, kí oríkèé rẹ̀ sì kéré níye gan-an sí ti oníke. Ooru ń mú òun náà gùn, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì bó ṣe ń ṣe ike. Ẹ bèèrè bí ó ṣe nípọn tó, bí ẹ ṣe ń bèèrè ti páànù. Èyí tó jẹ́ mílímítà 0.45 tinrin jù fún gọ́tà, nítorí àkàbà lásán lè tẹ̀ ẹ́ wọnú. Èmi kò ní gba èyí tó kéré sí 0.55, níbi tí wọn yóò sì máa gbé àkàbà tì, 0.70 ni kí ẹ sanwó fún.

Ohun méjì ni ó ń ba alumíníọ̀mù jẹ́ láì jẹ́ pé onílé fura. Símẹ́ńtì tútù ni àkọ́kọ́: bí àwọn bíríkìlà bá ṣì ń rẹ́ ògiri lẹ́yìn tí a ti kọ́ gọ́tà, tí símẹ́ńtì ta sí i tí ẹnikẹ́ni kò sì fọ̀ ọ́, yóò jẹ ojú rẹ̀. Èkejì ni ìṣó irin lásán, nítorí pé bí irin àti alumíníọ̀mù bá fara kan ara wọn nínú omi, ọ̀kan nínú wọn yóò máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù àti síkírù tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ ní kí wọ́n lò. Sílíkóònù tí wọ́n fi dí oríkèé rẹ̀ kì í ṣe ohun ayérayé, nítorí náà ẹ máa wò ó lọ́dọọdún.

Ní ti owó, oníke ló sábà máa ń rọjú ju alumíníọ̀mù lọ nígbà tí a bá ń rà á. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń dá lé mítà kan kì í sábà ka ìkọ́, igun, ìdérí ìparí, ẹnu páìpù, páìpù fúnra rẹ̀ àti owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ ní kí oníṣòwò méjèèjì kọ àpapọ̀ owó sílẹ̀ dé orí iṣẹ́ tó parí, nígbà náà ni ẹ tó lè fi wọ́n wéra. Àlàfo àárín wọn sábà máa ń dín kù bí a bá ṣe èyí, nítorí oríkèé àti ìkọ́ pọ̀ lára oníke.

Páànù irin

Gọ́tà páànù irin le, kì í wọ́ nínú oòrùn, ó sì sábà máa ń rọjú. Síńkì tí wọ́n fi bo irin náà ni ó ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n gún un níhò, tàbí tí ewé tútù bá sùn sí, ibẹ̀ ni ìdógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí owó bá fi dandan mú un, ẹ kùn inú rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú kí wọ́n tó gbé e kọ́, ẹ má sì fi ṣọ́bìrì irin kó ewé inú rẹ̀. Èmi kò ní fi í sí ilé tí igi súnmọ́.

Kọnkéré tó fara pamọ́ sẹ́yìn pàrápẹ́ẹ̀tì

Ilé tí pàrápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri tí a mọ yí etí òrùlé ká, kò jẹ́ kí a rí òrùlé rẹ̀ láti ìta ti gbòde ní àwọn àdúgbò tuntun, gọ́tà kọnkéré ni ó sì ń bá a rìn. Mo rọ ẹni tó bá ń yà á sínú àwòrán ilé rẹ̀ pé kí ó ronú jinlẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Bí gọ́tà oníke tàbí ti alumíníọ̀mù bá dí, omi á ṣàn kọjá etí rẹ̀ sí ìta, gbogbo ará ilé á sì rí i. Bí ti kọnkéré bá dí, ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì ga ju etí páànù lọ, nítorí náà inú ilé ni omi yóò gbà. Àbàwọ́n lórí àjà ni onílé yóò kọ́kọ́ rí, nígbà tí igi ti mu omi tẹ́rùn.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ṣe é, ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀ tó kí ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀ gbá a, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ ní kí wọ́n dá ihò àpọ̀jù sára pàrápẹ́ẹ̀tì, nísàlẹ̀ etí páànù, kí omi tó bá pọ̀ jù lè tú síta kí ó sì kìlọ̀ fún yín. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ gbọ́dọ̀ gun ògiri lọ sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó má dúró sí ìsàlẹ̀ gọ́tà nìkan, nítorí igun ni kọnkéré ti sábà máa ń là. Páìpù kan ṣoṣo kò tó, bó ti wù kí ilé kéré tó. Ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà gun òkè gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Bí kò bá sí, kò sẹ́ni tí yóò gbá a.

Ilé tí kò nílò gọ́tà

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti yíká Ọjà-Ọba kò ní gọ́tà, àwọn ìyá sì máa ń to bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gbé omi òjò. Bí etí òrùlé yín bá yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, tí ẹ sì fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kí ó dà kúrò lọ́dọ̀ ìpìlẹ̀, ẹ lè fi owó gọ́tà ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán kò tó, nítorí àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Igi, ewé àti àwọ̀n

Àwọn oníṣòwò yóò tún fi àwọ̀n tí a ń tẹ́ bo gọ́tà lọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ wo igi tó wà nítòsí. Ewé tíìkì tóbi débi pé ọ̀kan péré lè bo ẹnu páìpù, nítorí náà àwọ̀n wúlò gan-an fún un. Ewé dóńgóyárò kéré, a sì máa gba ojú àwọ̀n wọlé, níbi tí yóò ti pàdé eruku ọyẹ́ tí wọn yóò sì jọ di ẹrẹ̀. Lábẹ́ irú igi yìí, àwọ̀n a máa mú gbígbá gọ́tà nira ni, nítorí a ní láti kọ́kọ́ tú u. Ewé máńgòrò wà láàrin àwọn méjèèjì. Irú gọ́tà yòówù kí ó jẹ́, ẹ máa gbá a kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ tún gbá a nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ. Ike tí ẹ gé lára kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ dára jùlọ fún kíkó ìdọ̀tí, nítorí kì í ha ojú gọ́tà. Ẹ da omi garawa kan sí ibi tó ga jù lẹ́yìn náà, kí ẹ sì wo bóyá gbogbo rẹ̀ yóò jáde nísàlẹ̀ páìpù.

Èyí tí mo máa rà

Fún ilé alájà kan tí igi ńlá kò súnmọ́, tí ẹnì kan nínú ilé sì lè gun àkàbà, oníke tó nípọn pẹ̀lú ìkọ́ tó pé ti tó. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí gígun rẹ̀ ṣòro tí a kò sì ní lè máa ṣe oríkèé lemọ́lemọ́, alumíníọ̀mù 0.70 ni kí ẹ fi owó lé. Ẹ rà á láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí oníṣẹ́ kò kánjú. Kí ó tó kan ìkọ́, ẹ ní kí ó fi rọ́bà tí a bu omi sí wọn bí gọ́tà yóò ṣe dà gẹ̀rẹ̀ lójú yín: mílímítà 3 sí 5 ní mítà kọ̀ọ̀kan, sí apá ibi tí páìpù wà, kí etí páànù sì yọ wọnú gọ́tà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ ra ègé kan àti ìkọ́ díẹ̀ lé e, kí ẹ tọ́jú wọn sílé, torí irú èyí tí ẹ rà lónìí lè má sí lórí àtẹ mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹyọ kan.