Nẹ́ẹ̀tì onírin tàbí ọparun: èwo ni kí a fi sọgbà yí adìẹ ká nígbà tí ọmọdé bá wá kí wa?

Nílùú Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ wa tó ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé máa ń lo nẹ́ẹ̀tì onírin tàbí ọparun lílà. Ọparun kò wọ́n, ṣùgbọ́n ikán a máa jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ tó là a sì máa ya ọmọ lọ́wọ́.

Nẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí adìẹ, ọmọ sì lè dúró lókèèrè wò wọ́n. Àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, ìka ọmọ ọdún méjì yóò wọ inú rẹ̀, àkùkọ a sì ṣá a bí ẹni ṣá àgbàdo. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi wá lọ́dún Iléyá, ibi ìdí nẹ́ẹ̀tì gan-an ló lóṣòó sí, tó ń na ìka sí adìẹ.

Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì olójú kéékèèké ni mo fara mọ́, kí a ká etí rẹ̀ tó mú sínú, kí a kan pákó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé àyà ọmọ, kí ìkọ́ ilẹ̀kùn sì wà lókè níta.

Èyíkéyìí tí a bá lò, adìẹ tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun.