Gbàǹjo àwòrán tí wọ́n ṣe fún odò Ọ̀ṣun: bó ṣe lọ àti ohun tí mo rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ti pe gbàǹjo, ọjà ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, mọ́tò àlòkù, kí wọ́n ṣáà tà á kó kúrò nílẹ̀. Èyí tí mo lọ ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá ò rí bẹ́ẹ̀ o, owó ń gòkè ni. Àwọn ayàwòrán ìlú náà, mọ́kànlá ni mo kà, ló kó àwòrán igbó, odò, òkè àti ọ̀nà oko jọ, ẹni tó bá pe iye tó ga jù ló ń gbé e lọ, nínú gbogbo 100 náírà tó bá wọlé 60 á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin igi sétí odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, ayàwòrán á mú 40. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ìwé ìpè ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo wọ mọ́tò n'Íbàdàn láàárọ̀ kùtù, mo sì fẹ́ sọ gbogbo bó ṣe lọ torí wọ́n ní àwọn á tún un ṣe, kẹ́ni tó bá fẹ́ lọ mọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni wọ́n lò. Àga rọ́bà, fáànù mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, zóbò tútù àti mọ́ín-mọ́ín eléwé tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lé lórí. Ìyẹn dáa. Èyí tí ò dáa ni pé aago 11 ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago kan ti lù kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wá láti Èkó ti ń ro ti ọ̀nà, méjì nínú wọn gbéra kí wọ́n tó ta àwòrán kẹrin, owó tó yẹ kó wọlé fún odò ló bá wọn lọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ bá wa pa àkókò mọ́.

Àmọ́ ìdúró yẹn náà ló jẹ́ kí n ráyè wo àwọn àwòrán dáadáa, mo ń ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Àwọn kan rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ pé inú fóònù ni wọ́n ti wò ó yà, ọ̀pẹ tí ò ní ìlú, oòrùn pupa, ọmọ tó ru igi. Mi ò bá wọn jà. Àwọn tó mú mi lójú ni tàwọn tó gbé àga lọ síbi tí wọ́n yà gangan. Ọmọbìnrin kan wà tó ya igi ìrókò kan ṣoṣo tó kù láàárín ilẹ̀ tí wọ́n ti pín ní púlọ́ọ̀tì, òpó sìmẹ́ńtì ààlà yí i ká, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí ìdí ẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rà, owó ẹ̀ ju agbára mi lọ, ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ló gbé e ní ₦230,000.

Wàyí o, ti Bàbá kan tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Méjì ni wọ́n gbé wá, wọ́n gbé wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú ibì kan náà ni méjèèjì, odò Ọ̀ṣun níbi tó ti yí kọ́nà lábẹ́ igi ńlá kan tí ìtàkùn dì mọ́, gbòǹgbò kan náà, òkúta kan náà. Nínú àkọ́kọ́, omi náà dúdú, ó ní àwọ̀ ewé nínú, ìmọ́lẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sórí ẹ̀, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó ń fi igbá bu omi. Nínú ìkejì omi náà ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìmọ́lẹ̀ kankan ò wọ inú ẹ̀, obìnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ìdúró ló dúró, igbá ẹ̀ wà nílẹ̀, ó dojú dé. Ọ̀dà pọ̀ lójú omi yẹn débi pé tẹ́ ẹ bá fìka kàn án, ó le kókó bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Mo yí ẹ̀yìn wọn wò, wọ́n kọ 2006 sí ọ̀kan, 2022 sí ìkejì. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ibì kan náà lẹ jókòó sí?" Wọ́n ní, "Ibì kan náà ni, ọmọ mi. Èmi ò kúrò. Omi ló kúrò."

Ẹni tó bá mọ Òṣogbo ò ní bi mí pé kí ló kan ayàwòrán nínú ọ̀rọ̀ igbó. Ṣebí àwọn oníṣẹ́ ọnà wà lára àwọn tó gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀. Láwọn ọdún 1950 sókè, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n ń pẹja, àwọn ojúbọ ti ń wó lọ, kí Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó dáwọ́ jọ pẹ̀lú Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, àtàwọn míì. Sìmẹ́ńtì, amọ̀ àti irin ni wọ́n fi mọ àwọn ère ràbàtà yẹn sáàárín igbó, ta ló fẹ́ gbé katakata wọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró sí? Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, ó kan gbogbo hẹ́kítà 75 ẹ̀ ní 1992, UNESCO wá kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Bí irú ewé àti igi 400 ló wà níbẹ̀, ó lé ní 200 nínú wọn tó jẹ́ oògùn.

Igbó ṣeé fi ère ṣọ́, omi ò ṣeé fi ère ṣọ́. Lókè lọ́hùn-ún, lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń wa wúrà, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ yẹn ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù kẹjọ ń bọ̀, ìjọba kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi táwọn ọmọ Ọ̀ṣun ń ti Brazil wá bù! Ó dùn mí títí di báyìí.

Nígbà tí wọ́n wá dé orí àwòrán 2006, ọwọ́ ń lọ sókè lọ́tùn-ún lósì. Àǹtí tó ń ṣe gbàǹjo yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀ dénú, ohùn ẹ̀ já gaara, á pe owó, á ki Òṣogbo ìlú aró mọ́ ọn, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún lé owó sí i. ₦50,000 ló ti bẹ̀rẹ̀, ₦180,000 ló parí sí. Wọ́n wá gbé ti 2022 sókè, ₦40,000, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ó tún un pè. Bàbá ń wolẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ta ló máa gbé omi ìdọ̀tí kọ́ pálọ̀. Mo nawọ́.

Kì í ṣe àánú o. Àwòrán tó lágbára jù nínú gbọ̀ngàn yẹn ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, torí ti àkọ́kọ́ yẹn dùn ún wò ṣùgbọ́n òun nìkan ò sọ ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa. Ìyá kan bá mi lé e díẹ̀, ó dé ₦75,000, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti di tèmi.

Lórí owó, mo yìn wọ́n. Ẹnì kan dìde béèrè ta ló ń mú owó yìí dání, wọn ò bínú, obìnrin tó jẹ́ akápò ṣí ìwé ẹ̀ síwájú gbogbo wa, ó ka iye tó wọlé, ó ka iye ọmọ igi tí wọ́n fẹ́ rà. Àwọn ayàwòrán náà ló tún fi dandan lé e pé igi ilẹ̀ wa ni kí wọ́n gbìn, ìrókò, àràbà, ọ̀mọ̀, pé àwọn ò fẹ́ tíìkì tàbí mẹ̀láínà tí wọ́n máa padà wá gé tà. Ibi tó kù sí lójú tèmi ni pé Òṣogbo nìkan ni wọ́n ń gbin igi sí, bẹ́ẹ̀ igi tó wà nísàlẹ̀ ò lè sẹ́ ẹrẹ̀ tó ń tòkè bọ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó náà fáwọn tó ń gbé létí àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n ní nǹkan tí wọ́n á fi máa yẹ omi wò, kí wọ́n sì lè tètè figbe ta. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Màá bi wọ́n léèrè tí mo bá padà lọ.

Ẹ mú owó lọ́wọ́ dání o. POS kan péré ló wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, tíránsífáà mi há fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, mo kàn jókòó ti àwòrán mi ni. Férémù wọn náà ò tó, ìwé ìròyìn lásán ni wọ́n fi wé e, ká tó dé Ìbàdàn igun kan ti là. Mo pè wọ́n, wọn ò bá mi jiyàn, wọ́n tọrọ àforíjì, owó káfíńtà wọlé lọ́jọ́ kejì. Ẹ mú aṣọ nínípọn lọ tẹ́ ẹ máa fi wé tiyín.

Ó ti wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn. Ọmọ Òṣogbo ni màmá mi, wọ́n wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi lọ dúró níwájú ẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa omi. Igbá yẹn ni wọ́n fìka kàn, wọ́n ní, "Ta ló da igbá obìnrin yìí dé?" Mo wá sọ ti àwòrán méjèèjì fún wọn, ti 2006 àti ti 2022, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n gba nọ́ńbà Bàbá yẹn, kí n bá wọn bẹ̀ ẹ́ kó tún lọ jókòó síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó tún odò náà yà, àwọn fẹ́ mọ ibi tí igbá yẹn máa wà.