Guppy: Ṣé Akọ Nìkan Lẹ Máa Rà Ni, àbí Takọtabo?

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún guppy, ìyẹn ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn nínú táǹkì nílé, ẹ fara balẹ̀ wo inú táǹkì ọlọ́jà. Èyí tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí pupa, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ọsàn ń dán lára rẹ̀, akọ ni. Èyí tó sanra jù ú lọ, tí ara rẹ̀ rí bí eérú, abo ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi àwọ̀n kó wọn pọ̀ fún yín.

Ẹwà
Tó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ̀ ń wá, akọ nìkan ni kẹ́ ẹ rà. Mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó nínú táǹkì lítà 40.

Ọmọ
Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ra akọ nìkan, iye tó rà náà ló máa ní. Ṣùgbọ́n abo guppy kì í yé ẹyin. Ọmọ tó ti lè lúwẹ̀ẹ́ ló ń bí, 20 sí 50 lẹ́ẹ̀kan náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ó tún lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí náà, abo kan ṣoṣo tẹ́ ẹ rà lè bímọ léraléra láìrí akọ mọ́. Akọ kan àti abo méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí mo fi ń wá korobá kún korobá.

Ìjà
Akọ máa ń lé ara wọn kiri. Bí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀, ìyà kì í jẹ ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ takọtabo, abo méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ti akọ kan, torí akọ kì í jẹ́ kí abo sinmi.

Omi àti iná
Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 22 sí 28 lórí Celsius. Ní Èkó, ẹ ò nílò ẹ̀rọ amómigbóná. Ní London, ẹ máa rà á. Ìyàtọ̀ dé nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi bá dákẹ́. Ẹja mẹ́fà lè fara dà á. Ọgọ́rin ẹja nínú táǹkì kan náà á máa yọ ẹnu sókè, wọ́n á sì máa kú.

Lójú tèmi, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ra akọ nìkan. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ rí bí ẹja ṣe ń bímọ, ẹ ra takọtabo, kẹ́ ẹ ti ní táǹkì kejì nílẹ̀. Ẹ fi ewéko sínú omi kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ríbi sá sí, torí ìyá wọn gan-an á jẹ wọ́n. Ẹ má da èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú odò: Trinidad àti àríwá Amẹ́ríkà Gúúsù ni ilé wọn, wọn kì í ṣe ẹja odò wa.

Bí àwọn ọmọ bá ti tó oṣù kan, ẹ wo lẹbẹ́ abẹ́ ikùn wọn. Ti akọ á máa ṣẹ́nu ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ti abo á fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.