Ọ́fíìsì Lọ́yà Tí Kò Ní Pátákó Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tó bá ń ka àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ a máa retí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò ní fi ọ̀kankan sílẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, kò dúró lórí ìgbéyàwó nìkan. Abala karùn-ún rẹ̀ ya ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá ń bá ẹgbẹ́ náà ṣe, àti ẹni tó bá tì í lẹ́yìn. Lọ́yà tó ń gbèjà afurasí kò rú òfin kankan, nítorí ìwé òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ló fún afurasí lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtìlẹ́yìn yẹn fẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ dán an wò. Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì lọ́yà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fi ní pátákó. Èkó ló wà, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì, ilẹ̀kùn irin ni ẹ ó sì kàn.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àwọn ọlọ́pàá dá kẹ̀kẹ́ Márúwá tí àbúrò mi ọkùnrin wọ̀ dúró. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wá ní kó ṣí fóònù rẹ̀, wọ́n sì jókòó ti ọ̀rọ̀ tí òun àti ọkùnrin kan ń bá ara wọn sọ lórí WhatsApp, wọ́n ń kà á sókè fún ara wọn. Nígbà tí mo fi máa dé àgọ́ wọn, wọ́n ti tì í mọ́lé, wọ́n sì ní kí n mú 300,000 náírà wá fún béèlì. Ẹ̀yìn ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wà, tó sọ pé béèlì ọ̀fẹ́ ni. Ó tiẹ̀ bá mi júwe oníPOS tó wà ní òdìkejì títì.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ló fún mi ní nọ́ńbà ọ́fíìsì náà. Mo pè é ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e, àmọ́ kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pè mí padà. Lọ́yà wọn kan, obìnrin kúkúrú, ló wá bá mi ní àgọ́ náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo ti rò pé yóò wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀gá náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀sùn wo lẹ kọ sínú ìwé?" Ọ̀gá náà sọ orúkọ burúkú kan tí n kò ní tún sọ níbí. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Abala wo ni, nínú òfin wo?" Ó sì ṣí bírò sílẹ̀, ó ń dúró.

Gbogbo iṣẹ́ wọn wà nínú ìbéèrè yẹn. Lọ́yà náà rán àwọn ọlọ́pàá létí pé abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi dá èèyàn dúró kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú adájọ́, àti pé afurasí lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú bá sọ̀rọ̀. Ó béèrè ìwé tí wọ́n ní kí àbúrò mi fọwọ́ sí, nítorí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ní bí afurasí bá jẹ́wọ́, kí wọ́n ká a sílẹ̀ nínú fídíò tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò tíì fọwọ́ sí i. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe onídùúró, n kò sì san kọ́bọ̀.

Nígbà tí a lọ kí wọn ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kejì, ó sọ ìdí tó fi máa ń béèrè ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní ọdún 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pé wọ́n ń fi ìfẹ́ akọ sí akọ hàn ní gbangba. Ẹlẹ́rìí kò wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Lọ́yà wa ní kí a má ṣe rò pé ìdáláre nìyẹn o, wíwọ́gi lé ẹjọ́ yàtọ̀ sí kí adájọ́ sọ pé èèyàn kò jẹ̀bi, tẹlifíṣọ̀n sì ti gbé ojú àwọn kan nínú wọn kiri ilé gbogbo kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti gba ti wọn jù ni ọ̀rọ̀ ilé. Ìròyìn ti kárí àdúgbò, onílé sì fún àbúrò mi ní ọjọ́ méje péré kó kó jáde. Èmi ti ń gbọ́n lójú ara mi, mo ní abala 42 nínú ìwé òfin lòdì sí ìyàsọ́tọ̀. Lọ́yà ní kí n kà á sókè. Mo kà á: ẹ̀yà, ìlú ẹni, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Ẹni tí ọkàn èèyàn fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó ní ọmọ Nàìjíríà kan tó ń gbé ní London gbé òfin ọdún 2014 yẹn lọ sílé ẹjọ́ l'Ábújà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, wọ́n sì dá a nù. Ẹni tó sì kàn gan-an, ta ni yóò dìde níwájú adájọ́ pé òun rèé? Lẹ́tà tó kọ sí onílé kò mẹ́nu ba ohun tí wọ́n ń sọ kiri nípa àbúrò mi rárá. Òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ló tọ́ka sí: ẹni tó ń san owó ọdún, tí àdéhùn mìíràn kò bá sí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, kò sì sí onílé tó lè fipá lé e jáde láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Òfin tó wà fún gbogbo ayálégbé ni. Àbúrò mi ṣì ń sùn nínú yàrá rẹ̀ títí di òní.

Wọ́n ní àléébù tiwọn. Lọ́yà méjì péré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, wákàtí méjì ààbọ̀ ni a sì fi jókòó lórí àga oníke kí wọ́n tó pè wá. Wọn kì í gbé fóònù ní ọjọ́ Àìkú. Wọn kì í jáde kúrò ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni òkè Ọya lọ́hùn-ún, ní àwọn ìpínlẹ̀ méjìlá tí wọ́n ti ń lo òfin Ṣaríà, ọ̀rọ̀ náà lè di ikú. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, nítorí náà n kò lè bá wọn jà púpọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Káàdì ni wọ́n fi pàdánù ìkarùn-ún. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní káàdì kékeré kan tó sọ ohun tó yẹ kó ṣe bí ọlọ́pàá bá mú un, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Màmá mi, tí kò tíì bá àbúrò mi sọ gbólóhùn kan nípa ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà, rí i lórí fíríìjì, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn. Mo kà á: "Mi ò ní sọ nǹkan kan títí lọ́yà mi á fi dé." Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Mo kọ ọ́, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì náà, wọ́n ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀ lóṣù tó kọjá, ti Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà lórí tábìlì. Ti Yorùbá wà nínú pọ́ọ̀sì Màmá.