Plasma 6 lórí láptọ́ọ̀pù mi: ohun tó bá a wá àti ohun tí mo fọwọ́ ara mi yí

Kí n ti gbé ìdájọ́ mi kalẹ̀ ká tó rìn jìnnà: KDE Plasma 6, ìyẹn desktop tí àwọn KDE ṣe fún kọ̀ǹpútà Linux, ni mo ń lò, mi ò sì ní in lọ́kàn láti kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe tìtorí pé settings rẹ̀ pọ̀. Wọ́n tiẹ̀ pọ̀ jù láwọn ibì kan, màá sì tọ́ka sí wọn. Ohun tó dá mi dúró ni pé ẹni tó bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan á rí i lò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni tí nǹkan kan bá sì ń ni lára nínú rẹ̀ á rí ibi tó ti lè yí i padà láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ Poly, lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé. Mo tún máa ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. ThinkPad tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, Debian 13, ọ̀kan lára àwọn Linux, ló wà lórí rẹ̀ dípò Windows. Ẹ̀yin tó ń lo Windows lè máa sọ pé kí ló kàn yín. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ á kàn yín láìpẹ́.

Lórí Linux, ohun tí ojú ń rí, ìyẹn àwọn fèrèsé, menu àti àwọn ibi tí à ń tẹ̀, dá dúró lọ́tọ̀ sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kálukú sì lè mú èyí tó wù ú. Méjì ló gbajúmọ̀ jù. Matthias Ettrich bẹ̀rẹ̀ KDE ní Jámánì ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ GNOME ní Mẹ́síkò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ti pẹ́: ṣé kí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà yan ohun tó dára fún gbogbo èèyàn, àbí kó fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó?

GNOME ni mo kọ́kọ́ lò, mi ò sì ní bú u. GNOME 2, tó jáde lọ́dún 2002, gé ọ̀pọ̀ settings dànù. Havoc Pennington, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é nígbà náà, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà pé kò sí settings tí kò lówó lórí. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi kún un, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dán an wò pẹ̀lú gbogbo èyí tó ti wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá sì pọ̀ tán, ẹni tó ń wá ọ̀kan ṣoṣo kò ní rí i mọ́. Ó tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ settings ló jẹ́ pé àwọn tó kọ sọ́fítíwíà kàn ń fi sá fún àṣìṣe tó yẹ kí wọ́n tún ṣe ni. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn pọ̀ ju bí àwọn tó ń bú GNOME ṣe máa ń gbà lọ. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ò gbà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2005 ó sọ ní gbangba pé kí àwọn èèyàn máa lo KDE, pé bẹ́ ẹ bá ka àwọn tó ń lo nǹkan yín sí òmùgọ̀, òmùgọ̀ nìkan ni yóò kù tí á máa lò ó. Ẹnu ọkùnrin yìí mú púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni inú ń bí: nígbà tí GNOME 3 dé ní 2011 tó sì yí gbogbo nǹkan padà, àwọn kan kó kóòdù GNOME 2 lọ, wọ́n fi dá desktop mìíràn sílẹ̀, MATE lórúkọ rẹ̀.

GNOME tòní, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló bá fèrèsé wá, èyí tí a fi ń tì í. Èyí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti 2018, kò sí fáìlì lórí ojú desktop mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́tìnnì yẹn padà á lọ gba Tweaks, sọ́fítíwíà mìíràn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì lójú desktop á lọ wá extension, ìyẹn àfikún tí àwọn ará ìta kọ. Extension yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni GNOME tuntun ń jáde, wọn kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé extension àná á bá ti òní ṣiṣẹ́. Nígbà tí GNOME 45 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ extension, wọlé padà, ó sì di dandan kí àwọn tó ni extension tún tiwọn kọ, gbogbo wọn pátá. Ṣé ẹ rí i, ohun tí GNOME kọ̀ tí kò fi sínú settings ò parẹ́. Ọwọ́ àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló bọ́ sí, tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lé GNOME lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Owó tí Pennington sọ yẹn, a ṣì ń san án. Ẹni tó ń san án ló yí padà.

Ní ti Plasma 6, ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024 ló jáde. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, panel, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ, wà nísàlẹ̀, menu wà lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí fèrèsé. Àbúrò mi tó máa ń wá bá mi tẹ iṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dí, Windows nìkan ló mọ̀. Ó jókòó, ó ṣí LibreOffice tí a fi ń tẹ ìwé, ó bá iṣẹ́ lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan àfi password Wi-Fi.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú Plasma 6 kéré lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń tẹ fáìlì kó tó ṣí lórí KDE, bí ẹni ń tẹ link lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tó ti mọ́ lára fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Windows á kàn fẹ́ mú fáìlì kan, fáìlì á ṣí mọ́ ọn lójú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pín Linux fáráyé ti máa ń yí i sí ẹ̀ẹ̀mejì fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e jáde. Nígbà tí Plasma 6 dé, KDE gbà: ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bá a wá báyìí. Wọn ò sì yọ ti àtijọ́ kúrò. Ìlà kan ni nínú settings. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn lójú tèmi. Ẹni tí kò mọ̀dí nǹkan ni kí wọ́n ro tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ohun tó máa bá a wá, torí òun ni kò ní mọ ibi tí á gbà yí i. Àwa tó ti mọ́ lára, a máa rọ́nà.

Àwọn tí kò ní yí nǹkan kan padà sì pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Jared Spool, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń lo sọ́fítíwíà, ròyìn lọ́dún 2011 pé àwọn ti ní kí àwọn tó ń lo Microsoft Word fi fáìlì settings wọn ránṣẹ́ rí. Àwọn tó ti yí ohunkóhun padà kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Word ìgbà yẹn kì í tan autosave, tó ń pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀, sílẹ̀, àwọn èèyàn sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Microsoft á mọ ìdí tí wọ́n fi pa á. Kò sí ìdí kankan. Ẹni tó kọ ọ́ ló fi òdo, tó túmọ̀ sí «pa á», dí àyè gbogbo. Ẹ wá wo onítẹ̀wé kan ní Àgbowó tí kò ní UPS, tó ti tẹ ojú ìwé ogún, tí iná sì lọ. LibreOffice ń tan tirẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú 10 síra ló fi ń pa iṣẹ́ mọ́. Mo ti sọ tèmi di 2, nítorí iná àdúgbò mi kì í dúró de ìṣẹ́jú 10.

Ibi tí ohun tó bá Plasma wá kò ti bá mi lára mu rárá ni kíbọ́ọ̀dù. Ti Amẹ́ríkà ló máa ń bá a wá bẹ́ ẹ bá mú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó yan ìyẹn kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ lọ́kàn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú àkójọ wọn o, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti Ígbò. Ẹ fi kún un, àmì kan á yọ lórí panel tí ẹ ó fi máa bọ́ láti èyí sí ìyẹn. Ní tèmi, iṣẹ́ mi da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú ìlà kan náà, kò sì wù mí kí n máa pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù láàárín gbólóhùn, nítorí náà bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní Compose ni mo mú. Tẹ Compose, tẹ «!», tẹ «e», «ẹ» á jáde. Compose, «`», «o», «ò» á jáde. Lẹ́tà bí «ẹ́» ló ń fa wàhálà, torí Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, kò fún un ní àyè tirẹ̀, àmì ohùn ní láti tẹ̀ lé lẹ́tà náà lọ́tọ̀. Mo kọ tirẹ̀ sínú fáìlì .XCompose tó wà nínú fódà ilé mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Fáìlì yẹn kì í ṣe ti KDE pàápàá, ó ti wà láti ayé àwọn baba wọn.

Compose ò tàn sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tan án. Ibí yìí ni mo ti ní Plasma sínú: ẹ máa wọ abala Keyboard, ẹ máa wọ àkójọ kan tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí ti kíbọ́ọ̀dù àwọn ará Japan àti ti ẹ̀rọ Solaris àtijọ́ wà, kẹ́ ẹ tó bá «Position of Compose key». Lórí GNOME ńkọ́? Ìlà kan ṣoṣo ni nínú Keyboard, Compose Key lórúkọ rẹ̀, ojú kò lè fò ó. GNOME tí wọ́n ń sọ pé kì í jẹ́ ká yan nǹkan ló mọ ibi tó yẹ kó gbé èyí sí.

Bátìrì wá jẹ́ òdì kejì. Plasma lè dá iná dúró ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ThinkPad kí bátìrì lè pẹ́ lò, gbogbo àwọn òyìnbó tó ń gbani nímọ̀ràn ló sì ń sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ ní 100 bó ṣe wá. Iná tó dé lálẹ́ tó máa lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo èyí tó bá wọlé ni mo fẹ́. Baloo, tó máa ń ka inú fáìlì kó lè rọrùn láti wá wọn, tàn sílẹ̀. Mo ní kó máa wo fódà iṣẹ́ nìkan.

Ọ̀pọ̀ ohun tí mo yí nínú settings Plasma, bí ẹ bá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù mi, ẹ lè rí wọn láìbi mí. Láti Plasma 5.20 lọ́dún 2020 ni «Highlight Changed Settings» ti wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, àmì aláwọ̀ ọsàn á yọ síbi gbogbo tí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ti rí bó ṣe wá. «Defaults» wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan láti fi dá a padà. Ìdáhùn tó gidi sí ọ̀rọ̀ Pennington nìyí. Ìdí kan pàtàkì tí ẹ̀rù settings fi ń bani ni pé téèyàn bá ti yí mẹ́wàá, kò ní mọ èyí tó da nǹkan rú. Àmì kékeré yẹn dín ẹ̀rù náà kù. Èmi ì bá ti fi í síta gbangba dípò kí n fi í pamọ́ sínú menu.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ibi tí wọ́n ti àṣejù bọ̀ ọ́. Àwọn global theme, tó ń yí ìrísí gbogbo desktop padà lẹ́ẹ̀kan náà, ni àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta 2024, ẹnì kan gba theme kan láti inú ilé ìtajà KDE, theme náà ṣiṣẹ́ gbòdì, ó sì pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe olè ló kọ ọ́, àṣìṣe ni, àwọn KDE sì ṣèkìlọ̀ fáráyé lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì «Get New» wà nínú fèrèsé kan náà pẹ̀lú theme tí àwọn fúnra wọn ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo èyí tó bá a wá, kò burú lójú. Èkejì ni pé kò sọ́nà kan pàtó láti kó gbogbo settings yín lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Wọ́n fọ́n káàkiri inú ~/.config: kdeglobals, kwinrc, àti òmíràn tí orúkọ rẹ̀ gùn jù fún mi láti kọ. Ẹ̀rọ tó jẹ́ kéèyàn yí tó báyìí, ó yẹ kó jẹ́ kéèyàn kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní business centre níbi tí èrò ń wọlé tó ń jáde, tí ọmọ ọlọ́mọ lè yọ panel kúrò, ó kéré tán ìkìlọ̀ tó ní «Undo» máa ń yọ. Àmọ́ KDE ní Kiosk: ẹ fi [$i] sẹ́yìn àkọlé kan nínú fáìlì tó wà ní /etc/xdg, ohun tó wà lábẹ́ àkọlé náà ò ṣeé yí mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Tó bá wù yín láti dán an wò, ẹ wo nọ́ńbà dáadáa kẹ́ ẹ tó ná dátà. Kubuntu 24.04, Linux mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà nítorí pé ó ń pẹ́, Plasma 5.27 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ò tíì di ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀ tí Kubuntu kò bá yí i fúnra rẹ̀. Debian 13 ń gbé Plasma 6.3 wá, èyí tí mo ń lò nìyẹn. Ẹ gbé e sórí flash, ẹ kọ́kọ́ lò ó láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows yín, kẹ́ ẹ sì tan Compose kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.