Bọ́ọ̀lù afọwọ́rán lórí pápá yangí: ó yẹ owó tí ẹ bá san lé e

Oríṣi bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, láti ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀) títí dé Kétu àti Sábẹ̀ẹ́: èyí tí wọ́n fọwọ́ rán, èyí tí ẹ̀rọ rán, àti alẹ̀mọ́ tí kò ní òwú kankan lára. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí yangí, afọwọ́rán ni kó náwó lé: ègé 32, awọ PU (awọ àtọwọ́dá tó rọ̀), róbà inú tí wọ́n fi butyl ṣe, ìyẹn róbà tí kì í tètè jẹ́ kí atẹ́gùn jáde. Àwọn méjì yòókù ní ibi tí wọ́n ti wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe pápá tí òkúta wẹ́wẹ́ ti pọ̀ ju koríko lọ.

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù tó ti lo sáà kan lórí yangí Kétu, kí ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe àárín ègé ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, etí rẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù elégèé 32 ní ègé onígun márùn-ún 12 àti onígun mẹ́fà 20. Ojú rírán ara rẹ̀ jẹ́ 90, igun tí ègé mẹ́ta ti pàdé sì jẹ́ 60. Àwọn igun 60 yẹn ni òwú ti máa ń kọ́kọ́ já, torí ibẹ̀ ni awọ ti máa ń gbè sókè díẹ̀ tí òkúta fi ń rí i họ. Ẹni tó ń fọwọ́ rán bọ́ọ̀lù, bí àwọn ará Sialkot ní Pakistan tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ láàárín wọn, máa ń fi abẹ́rẹ́ méjì àti òwú nínípọn tí wọ́n ti fi ìda ra rán an láti ẹ̀yìn awọ, á sì fà á le débi pé òwú á rì sínú, òkúta ò ní rí i fọwọ́ kàn. Òwú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í rì tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú rírán bá ti ṣí díẹ̀ báyìí, iyanrìn á wọlé, á sì máa rẹ́ òwú tó kù bí ayùn.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn alẹ̀mọ́ nítorí òun ni wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti Ife Àgbáyé 1970 títí dé ti 2002, elégèé 32 ni wọ́n ń lò. Ọdún 2006 ní Jámánì ni alẹ̀mọ́ elégèé 14 wọlé. Ojúlówó alẹ̀mọ́ dára gan-an: ó rọ́bótó ju afọwọ́rán lọ, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bí pápá yín bá ní koríko tó dáa tàbí kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Àmọ́ èyí tó pọ̀ lórí igbá kì í ṣe ojúlówó. Ooru ni wọ́n fi lẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ooru náà ló sì ń tú ayédèrú rẹ̀: bí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa láti àárọ̀, etí ègé á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Nígbà tó bá ti ká, kò sí ibi tí aránbàtà máa ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Ó parí nìyẹn. Ìdí pàtàkì tí afọwọ́rán fi borí lọ́dọ̀ wa nìyí: bí ó bá bàjẹ́, ó ṣeé tún ṣe ní ìlú wa níbí.

Níbi rírà gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ẹ má gba bọ́ọ̀lù tí kò tíì ní atẹ́gùn nínú. Ẹ ní kí ọlọ́jà fún un ní atẹ́gùn lójú yín. Teèpù aránṣọ kan ti tó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Òfin kejì bọ́ọ̀lù gbígbá sọ pé kí àyíká bọ́ọ̀lù àgbà, nọ́ńbà 5, wà láàárín 68 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́ta: èyí tó gba ojú ihò atẹ́gùn kọjá, èyí tó dábùú rẹ̀, àti ọ̀kan láàárín méjèèjì. Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ síra, kò rọ́bótó, yóò sì máa yà kúrò lọ́nà lẹ́yìn tí ẹ bá gbá a. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ata gbígbẹ tàbí ẹran: 410 sí 450 gíráàmù. Èyí tó fúyẹ́ ju 400 lọ, aṣọ tó wà láàárín awọ àti róbà ni wọ́n dín kù. Aṣọ yẹn ló ń dá bọ́ọ̀lù dúró kí ó má baà wú. Bọ́ọ̀lù tí aṣọ rẹ̀ kò tó máa ń tóbi sí i ní oṣù díẹ̀, títí tí á fi rí bí ẹ̀gúsí bàrà.

Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, nọ́ńbà 4 ni kí ẹ rà: àyíká rẹ̀ 63.5 sí 66, ìwọ̀n rẹ̀ 350 sí 390 gíráàmù. Kíkó bọ́ọ̀lù àgbà fún ọmọdé kò dára, pàápàá bí wọ́n bá ń fi orí gbá a.

Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ègé méjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá rí òwú funfun láàárín wọn, ẹ gbé e padà. Ẹ fi èékánná tẹ awọ: PU máa ń rọ̀, á sì padà sípò; PVC, awọ àtọwọ́dá kejì, máa ń dán bí ike, ó le, ọyẹ́ ló sì máa ń la á. Ẹ jù ú sókè pẹ̀lú yíyí: bí ó bá ń mì bí ẹni tó mutí yó, ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju ìkejì lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ihò atẹ́gùn. Ìdánwò FIFA ni pé kí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti mítà 2, kó sì ta padà dé 125 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kó má kọjá 155. Orí irin ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn; sìmẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù tó fún tiwa. Bọ́ọ̀lù tó bá ta kọjá orí àgbà, róbà lásán ni.

Àmì FIFA tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀lù nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. FIFA ní àkójọ àwọn bọ́ọ̀lù tó yege lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò níbẹ̀ kí ẹ tó san owó ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló wà níbí, òun ló sì ń pa bọ́ọ̀lù wa ju yangí lọ. Òfin fàyè gba 0.6 sí 1.1 bar (òṣùwọ̀n bí atẹ́gùn inú bọ́ọ̀lù ṣe le tó), ìyẹn bíi 8.5 sí 15.6 lórí òṣùwọ̀n psi tí àwọn fọkanáísà tó ń ra ẹrù láti Nàìjíríà ń lò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í wọ̀n ọ́n rárá, wọ́n á kàn máa pọ́ǹpù títí yóò fi le bí òkúta. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bọ́ọ̀lù tí ẹ fún ní 1.1 ní ìdájí, nígbà tí ooru jẹ́ dígírì 22, bí oòrùn ọ̀sán bá mú ara rẹ̀ gbóná dé 50, atẹ́gùn inú rẹ̀ á ti di bíi 1.3. Ojú rírán 90 yẹn ló ń gbé gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó le bẹ́ẹ̀ kì í sì í tẹ̀ tí ó bá kan òkúta, ńṣe ni òkúta ń gé e. Lórí yangí, 0.7 sí 0.8 ni ká fún un. Ó ń ta díẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á lè dá a dúró, òwú á sì pẹ́. Bí ìdánrawò bá parí, ẹ tú atẹ́gùn díẹ̀ kúrò kí ẹ tó kó wọn pamọ́ sí ibi tútù, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sùn sábẹ́ páànù.

Kí abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù tó wọlé, ẹ fi glycérine ilé òògùn kan orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ máa ń ya ẹnu ihò, èyí ló ń mú kí bọ́ọ̀lù tuntun máa rọ̀ lálaalẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo ọkọ̀, kẹrosíìnì tàbí fasilíìnì rọ́pò rẹ̀: inú epo rọ̀bì ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n á mú róbà butyl wú, á sì rọ̀ bí àmàlà. Láti mọ̀ bóyá ihò náà dára, ẹ wọn atẹ́gùn lónìí, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ó ń jò. Latex, oríṣi róbà inú kejì, yàtọ̀ o: ó rọ̀ lẹ́sẹ̀ ju butyl lọ, ṣùgbọ́n àbùdá rẹ̀ ni kí atẹ́gùn máa jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi kún un kí ẹ tó gbá a.

Àléébù afọwọ́rán kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi bò: omi. Ní àkókò òjò, omi máa ń gba ojú rírán wọlé, bọ́ọ̀lù 430 gíráàmù tó bá sì mu ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ á di 473. Ó wúwo fún orí. Ẹ fi ìda àbẹ́là ra ojú rírán kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dín in kù. Ẹ má rì í sínú agbada láti fọ̀ ọ́. Aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó, lẹ́yìn náà kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji. Sísá a sí oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná á mú awọ le, á sì là.

Bí òwú bá já ní igun kan, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ tú atẹ́gùn rẹ̀ tán, kí aránbàtà fi òwú tó ti fi ìda ra rán an, abẹ́rẹ́ méjì láti ọ̀tún àti òsì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú rírán tó ṣì le, méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ibi tó já. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má gún róbà. Bí róbà bá ti gún, inú butyl ni wọ́n ti ń ṣe róbà inú táyà kẹ̀kẹ́ náà, torí náà pàṣì àti sólúṣọ̀n fọkanáísà á lẹ̀ mọ́ ọn: kí ó fi yanrìn bébà họ ojú rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù gbẹ díẹ̀ kí ó tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù 20, bọ́ọ̀lù 10 fún ìdánrawò ló yẹ, ọ̀kan fún ẹni méjì, àti 2 tí wọn kò ní fọwọ́ kàn àfi ọjọ́ ìdíje. Bí owó kò bá tó, ẹ ra afọwọ́rán 6 dípò afẹ̀rọrán 12. Kí ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù tí gbogbo ẹsẹ̀ fẹ́ràn ló ń kọ́kọ́ ya.